Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó di alága àdúgbò ní Kàbà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Okun o. Mo gbọ́ pé ìpàdé onílé ti fẹnu kò: kí ilé kọ̀ọ̀kan dáwó, kí fijilanté máa na ọmọkùnrin yòówù tí wọ́n bá bá níta lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n nà láìṣẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò wá tù ú nínú ní Sátidé: "Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́? Àwa wà lẹ́yìn ẹ." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi ń mú wọn.

Àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ kì í pọ̀. Nígbà tí wọ́n ka tiwọn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ ìlú, síbẹ̀ ó kéré tán, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpànìyàn láàárín ọ̀dọ́ ló kàn wọ́n. Ìwọ̀nba yẹn ni ọlọ́pàá àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ dojú kọ ní 1996, ìpànìyàn sì dín kù gan-an.

Dípò nínà yẹn, ẹ kó èèyàn méje jọ tí yóò máa ṣọ́ wàhálà: ìyá olóúnjẹ méjì tí ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí jọ́ọ̀ntì, ọlọ́kadà méjì, olùkọ́ kan, ọ̀gá mẹkáníìkì kan, àti oníkẹ́míìsì. (Olóṣèlú kankan kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, bó ti wù kó lawọ́ tó.) Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ibi, ọjọ́ àti aago tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìwé olórúkọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì ti di ìwé ikú nìyẹn. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni kí owó fijilanté lọ: iná sólà, kí wọ́n sì ṣán ìgbẹ́ ibẹ̀.

Oníkẹ́míìsì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ á wọlé lálẹ́, á ní òun ṣubú lórí ọkadà. Ẹni tó ṣubú lórí ọkadà, ara rẹ̀ á bó, yanrìn á wà lójú egbò. Àdá ní tirẹ̀ a máa la ẹran ara gbọọrọ, pàápàá lẹ́yìn apá, níbi tó fi gba àdá kúrò lórí. Kí oníkẹ́míìsì pè yín lóru yẹn, kó má di àárọ̀, torí ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀san ń gbóná jù. Kí ẹni tí ọmọ náà ń bẹ̀rù, ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kóòṣì bọ́ọ̀lù rẹ̀, jókòó tì í. Kí ẹlòmíràn lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n yé fi fọ́tò ọgbẹ́ ṣọwọ́ lórí WhatsApp. Tó bá jẹ́ ìbọn ńkọ́? Òfin 2017 ní kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà o, kò sí o. Àwọn fúnra wọn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì.

Ọmọ tó bá fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́, ẹ má mú un lọ jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rí yẹn á dé etí àwọn tó ń sá fún kí ó tó délé. Ẹ rọra fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú, kó pààrọ̀ nọ́ńbà, kó kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ni kí ẹ san owó fún, ẹ má kó o lé ọmọ lọ́wọ́. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni Kérésì: ìyá rẹ̀ á ní kó wálé bíi ti gbogbo èèyàn. Kérésì àkọ́kọ́, ẹ má gbà. Ìyá ni kó lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ tètè lọ rí DPO, kí wàhálà tó dé. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gbà á kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Bí wọ́n bá mú ìyá kan péré, kò sí obìnrin tó tún máa sọ nǹkan kan fún yín.

Ìbò tún wà níbẹ̀. Ní Kogi, ti gómìnà kì í bá ti Ààrẹ rìn: ní 2023, wọ́n dìbò ní February àti March, wọ́n tún dìbò ní 11 November. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn olóṣèlú tó ń wá ọmọkùnrin fún jàgídíjàgan fi lè máa pín owó. Kí èèyàn méje yẹn ti wà nílẹ̀ kí oṣù àkọ́kọ́ ọdún ìbò tó wọlé.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ aago mẹ́sàn-án yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ bá mi kí ìyá àwọn ọmọ.

Èmi àbúrò yín