Ọmọ náà dà? Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Baltimore, Maryland
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kejì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti le? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé Táyé ti ń bá Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn ìjà bàtà yẹn? Òtútù ibí kò tíì dẹwọ́ o. Yìnyín bo ọkọ̀ mi láàárọ̀ òní débi pé mo pẹ́ kí n tó rí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo bá ọ yọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka tí ń to ètò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn yín, ibẹ̀ ló yẹ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìbéèrè tí o bi mí ló jẹ́ kí n mú bírò, torí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù. O ní ẹ rí kásẹ́ẹ̀tì eré Yorùbá àtijọ́ kan, apá 26, ẹ sì fẹ́ tún un fi hàn. Ọ̀gá yín wá ní kí ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ ń tò ó, kí ẹ máa mú èyí tí gígùn rẹ̀ bá ti bá àyè tó ṣófo mu, pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. O ní ṣé òótọ́ ni.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ màmá tí mò ń tọ́jú kí o tó gbà fún ọ̀gá rẹ.

Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iyè wọn sì ti ń ra. Wọ́n lè béèrè orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Àmọ́ tí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, wọn kì í gbàgbé I Love Lucy, eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan lórí tẹlifíṣàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wò ó. Wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè bo ẹsẹ̀, n óò gbé tíì wọn sí ẹ̀gbẹ́, a ó jókòó. Èmi náà ti wá fẹ́ràn eré yẹn. Desi Arnaz, ọmọ Santiago de Cuba, ló ṣe Ricky, ọkọ Lucy. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i níbi tó ti ń lu ìlù tó ń ké "Babalú", orí mi wú. Ọbalúayé wa ni! Babalú Ayé ni àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba ń pè é, orúkọ náà sì bá orin wọn rìn títí ó fi dé orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá, wọ́n ní kí n kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún àwọn. Ó ṣì wà lára fìríìjì wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá tó kọjá, wọ́n fi apá ibi tí Lucy ti bímọ hàn. Ní 19 oṣù kìíní, 1953, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Lucille Ball tó ń ṣe Lucy bí ọmọkùnrin tirẹ̀ nílé ìwòsàn. Màmá rántí ọjọ́ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kí Lucy kú ewu ọmọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, a tún jókòó. Apá mìíràn ni wọ́n gbé síta, láti ọdún àkọ́kọ́ eré náà, nígbà tí Lucy kò tíì lóyún rárá. Màmá wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Tíì wọn tutù. Wọ́n wá di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ náà dà?" Mo ní eré ni, màmá, ọmọ wà. Wọ́n ní, "Ta ló gbé e?" Wọ́n dìde. Mo dì wọ́n mú, a wá ọmọ dé kíṣínì, a ṣí ilẹ̀kùn yàrá méjèèjì, a wo ẹ̀yìn àga. Wọn ò fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Inú bí mi gidigidi. Ọkọ ọmọ wọn obìnrin ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo dá a jókòó, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kó dé etí rẹ.

Ó ní inú oyún Lucy yẹn gan-an ni títún eré fi hàn ti gbilẹ̀. Nígbà náà, púpọ̀ nínú eré tẹlifíṣàn ń lọ sáfẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, láti New York. Desi àti Lucille ní Hollywood làwọn máa dúró sí, pé fíìmù gidi làwọn máa fi yà á, kámẹ́rà mẹ́ta, níṣojú àwọn òǹwòran. Nígbà tó wá di pé kí abiyamọ sinmi, fíìmù wà nílẹ̀, wọ́n sì tún àwọn apá kan tí wọ́n ti ṣe kọjá fi hàn. Àwọn èèyàn wò ó bí ẹni pé tuntun ni. Ìyá Ìbejì, ọmọ tí màmá ń wá kiri ilé lọ́jọ́ yẹn, òun ló kó wa dé ibi tí a dé yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó ló kù. Láyé ìgbà náà, eré kan á ṣe apá 39 lọ́dún, wọ́n á sì tún 13 fi hàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ọ̀sẹ̀ 52 lè pé. Bí wọ́n bá ti ṣa 13 nínú 39, ètò ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí eré bá parí, wọ́n á tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri, àwọn yẹn á máa fi í hàn lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Kí sátẹ́láìtì tó dé, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní fíìmù tirẹ̀. Tí ìlú kan bá lò ó tán, á fi ránṣẹ́ sí ìlú kejì. Gígun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wọn. Bí èyí tó kàn bá há sọ́nà, èyí tó wà lórí pẹpẹ ni wọ́n á gbé sínú ẹ̀rọ.

Fíìmù ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ báyìí, àmọ́ wàhálà nọ́ńbà ṣì wà. Eré lè ní ètò méjì: bí wọ́n ṣe ṣe é, àti bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi í hàn. The Simpsons, eré àwòrán tí àwọn ìbejì fẹ́ràn, apá Kérésìmesì ló kọ́kọ́ jáde ní 17 oṣù kejìlá, 1989, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Èyí tó yẹ kó ṣáájú, àwòrán rẹ̀ kò dára, wọ́n tún un ṣe, ó sì di ìkẹyìn ọdún yẹn, ní oṣù karùn-ún 1990. Ilé iṣẹ́ méjì lè tò ó lọ́nà méjì, kí kálukú sì búra pé òun tò ó. Nítorí náà, má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì yín. Jókòó wò ó.

Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n fa ìbímọ síwájú. Ó béèrè pé oṣù wo ni. Mo ní ìkọkànlá. Ó mi orí. Oṣù mẹ́rin wà lọ́dún tó ṣe pàtàkì jù nígbà tí Nielsen, ilé iṣẹ́ tó ń ka òǹwòran, bá ń ka iye èèyàn tó ń wo ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: oṣù kejì, ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkọkànlá. Sweeps ni wọ́n ń pè é. Iye tí wọ́n bá kà ni àwọn olùpolówó ọjà fi ń dúnàádúrà. Ó ní bóyá ìdí nìyẹn, pé nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń to ètò á ṣa èyí tí aráyé fẹ́ràn jù síwájú.

Ìgbà mìíràn, ọ̀ràn ìlú ló ń fà á. Lẹ́yìn ìkọlù 11 oṣù kẹsàn-án, 2001, wọ́n yọ apá kan nínú The Simpsons tí ilé gogoro méjì ti New York wà nínú rẹ̀ kúrò. Èmi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ni ín.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nìyí: àwọn tó ń kọ irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà mọ̀ pé wọ́n á fọ́n ọn ká, torí náà wọ́n kọ apá kọ̀ọ̀kan kó lè dá dúró. Lucy á dá wàhálà sílẹ̀, kó tó di ìṣẹ́jú 30 gbogbo ẹ̀ á ti yanjú, lọ́la a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá rẹ fi rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tó ń tẹ̀ síwájú kò ní àbò yẹn. Ní 2002, Fox, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan, gba eré kan tó ń jẹ́ Firefly. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú inú eré náà ti kọ́kọ́ pàdé àwọn èrò wọn. Fox gbé e tì, wọ́n fi òmíràn ṣíde. 20 oṣù kejìlá ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tó jáde, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ká eré náà nílẹ̀. Apá 14 ni wọ́n ṣe, 11 péré ni wọ́n fi hàn.

Tiyín náà, o ní ìyàwó kékeré wọlé ní apá kẹsàn-án, wọ́n sin bàbá ní apá ìkọkànlélógún. Ṣé bàbá tí a sun ẹkún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló máa wá jókòó ti iyán lọ́sẹ̀ yìí? Àwọn tó máa wò ó nílé ni àwọn ìyá wa, Ìyá Ìbejì. Jọ̀ọ́, tò ó. Tí bọ́ọ̀lù bá gba àyè yín, ẹ sún un síwájú, ẹ má fò ó. Tí kásẹ́ẹ̀tì kan bá bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé apá yìí ti bàjẹ́, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbólóhùn méjì.

Ní tèmi, mo ra díìsìkì eré náà lódindi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Tí aago méjì bá lù, apá kan péré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A tún dé ibi ìbímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì, ẹ̀rù ba èmi alára kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni wọ́n fi ṣí i. Màmá wò ó, wọ́n fa bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn sókè, wọ́n ní kí n yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, pé ọmọ ń sùn.

Kọ̀wé sí mi kíá, kí n mọ ohun tí ọ̀gá rẹ sọ. Bá mi kí màmá wa ní Ọ̀ṣun, kí o sì fi owó tó wà nínú àpò ìwé yìí ra bàtà kejì fún Kẹ́hìndé.

Èmi ni tìrẹ,
Mojí