Ìdajì Owó Fọ́tò Ìyá Rẹ

Kàbà,
ìparí oṣù Bélú.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Òkun o! Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù ti ń mú lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Níbí, ọyẹ́ ti yọjú. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, eruku á ti bo gíláàsì tí mo to fọ́tò sí, bí mo bá fi ìka fà á, ìlà á hàn gbangba. Má bínú pé èsì rẹ pẹ́. Ìgbéyàwó mẹ́ta ni mo lọ ya fọ́tò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan ní Ìyàrá, ọ̀kan ní Mọ̀pà, ọ̀kan níbí, o sì mọ̀ pé ọjọ́ òde nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wa. Yíyan fọ́tò àti títún un ṣe ló ń jẹ òru mọ́ mi lójú.

O bi mí pé ṣé iṣẹ́ fọ́tò ṣì ń bọ́ ènìyàn nílé, nígbà tí kámẹ́rà ti wà nínú fóònù gbogbo ayé. Ó ń bọ́ mi, mo dúpẹ́. Fóònù kọ́ ló ń dà mí láàmú, àwọn ènìyàn wa tí mo fẹ́ràn ni.

Ṣé o rántí ayé fíìmù? Fọ́tò 36 péré ló wà nínú róòlù kan. Ọ̀gá wa kì í tẹ̀ ẹ́ títí ojú gbogbo ènìyàn á fi là. Ẹni tó bá wọlé ti mọ̀ pé fíìmù, òògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ àti pépà, owó la fi rà wọ́n, á sì san àsansílẹ̀ kó tó jókòó. Mo ṣì ní fọ́tò tí èmi àti ìwọ yà lọ́jọ́ tí a gba fírídọ̀ọ̀mù, èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn. Òǹtẹ̀ ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀: Kàbà, ìpínlẹ̀ Kwara. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogi sílẹ̀, a ti gba fírídọ̀ọ̀mù ṣáájú ìgbà náà. Títí di òní, dúdú rẹ̀ dúdú, funfun rẹ̀ funfun. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí a gbé fọ́tò kúrò nínú omi títí òògùn á fi tán lára rẹ̀. Ọwọ́ wa á hunjọ bí ti arúgbó. Èyí tí wọn kò bá ṣàn dáadáa ló ń pọ́n bí ewé gbígbẹ.

Lónìí, wọn kò rí fíìmù, wọn kò rí òògùn, wọ́n rò pé ọ̀fẹ́ ni. "Ṣebí o kàn tẹ̀ ẹ́ ni." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tí a jọ jẹ nínú àwo kan.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kékeré mi kan wá bá mi nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní iye báyìí ni, ìdajì lónìí, ìdajì tó kù kí ẹ tó gba álúbọ́ọ̀mù. Ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sóko! Èmi náà lo fẹ́ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi?" Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lóòótọ́ ló pọ̀n mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, Ìyá, ẹ má bínú, màá dín in kù nítorí yín, mo sì dín in kù, ṣùgbọ́n mi ò lè jáde láìgba ìdajì. Ó bínú lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú fèrèsé ló ń wò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n le tó bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ ọ́ nínú lẹ́tà tó kọjá torí egbò rẹ̀ ò tíì jinná nígbà yẹn. Ìgbéyàwó kan ni, ní ọ̀nà Ìsánlú. Ojúlùmọ̀ ni wọ́n, wọn kò san kọ́bọ̀ ṣáájú. Epo mọ́tò, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọmọ iṣẹ́, àpò mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Kámẹ́rà mi nígbà náà, káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gbà. Káàdì ọ̀hún ti gbó, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀, owó ni kò sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún fi í síbẹ̀. Òfo. Ọmọbìnrin yẹn ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó ń wúre, omijé rẹ̀ ń kán sórí gèlè ọmọ. Mo wà níbẹ̀. Mo yà á. Níbo ni mo ti fẹ́ tún un rí?

Mi ò fọwọ́ kan káàdì náà mọ́, ìyẹn ló sì gbà mí díẹ̀. Bí káàdì bá ní òfo ni òun, fọ́tò sábà máa ń wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà ló bàjẹ́. Bí ènìyàn bá tún ya òmíràn lé wọn lórí, ìgbà náà ni wọ́n lọ pátápátá. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lọ́kọ́ja bá mi yọ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìwúre bàbá kò sí nínú wọn. Mo gbéra, mo lọ sílé wọn, mo sọ òótọ́. Bàbá náà kò bú mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ọlọ́run ṣáà gbọ́ àdúrà náà." Ẹkún ni mo sun débí.

Kámẹ́rà tí mo ń lò báyìí, káàdì méjì ló ń gbà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, fọ́tò kan náà ń wọ méjèèjì. Mi ò sì ní sùn lálẹ́ òde láìda gbogbo rẹ̀ sórí háàdì ìpamọ́ méjì, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ilé. Àsansílẹ̀ ló rà wọ́n. Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ìyá kékeré mi, tí mo sọ fún un pé ìwúre ọkọ rẹ̀ lórí ọmọ wọn ni mò ń tọ́jú, ó tú àpò, ó sanwó. Ní báyìí òun gan-an ló ń mú oníbàárà wá fún mi, á sì ti sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé kí wọ́n mú ìdajì dání.

Oṣù Ọ̀pẹ̀ ti dé tán. Àwọn ọmọ Òkun, àwa Yorùbá Kogi, á ya wálé láti Abuja, láti Èkó, láti ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo Sátidé mi ti kún. Bí òde bá wà ní Lọ́kọ́ja, ìdájí ni mo ń jáde, kí tírélà sìmẹ́ǹtì tó di ọ̀nà Ọbájànà. Ìyàwó kì í yé fẹ́ yà fọ́tò lọ́sàn-án gangan, tí gèlè á da òjìji bo ojú rẹ̀. Ìloro ilé ni mo máa ń mú wọn lọ, kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé páálí funfun sísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tàn padà sójú wọn. Àsìkò ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń sẹ́ oòrùn bí ẹni sẹ́ ògì, ojú gbogbo ènìyàn á rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì níta nínú rẹ̀ láé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ìyá rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ló fi ọ̀kadà gbé e wá. Ó ró kíjìpá tí ìyá tirẹ̀ hun lórí òfì tí àwọn obìnrin ń gbé ti ògiri, òórùn káfúrà ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ya èyí tí ọmọ òun á máa wò. Ó tú ìdí aṣọ, ó mú owó jáde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, Ìyá, ṣé èmi tí mo jẹun lọ́wọ́ yín láti kékeré? Ó ní, "Mo gbọ́ pé o kì í yà á láìgba ìdajì. Bí o ò bá gbà á, mi ò ní jókòó." Ó kà á fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mo pa gbogbo iná, mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ní kó bọ́ awò ojú torí ó ń dán. Ojú ibi tí awò tẹ̀ sí nímú rẹ̀ jìn díẹ̀, mo ní ká dúró kó rọ̀. Kò mọ ibi tó fẹ́ kó ọwọ́ sí. Ni mo bá yọ fọ́tò fírídọ̀ọ̀mù wa kúrò lára ògiri, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó jìnnà sí i, ó tún gbé e súnmọ́, ó rí ọ, ó sì rẹ́rìn-ín tí èjí rẹ̀ fi yọ. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Wo ìka rẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé orí rẹ ló fi àtàǹpàkò kàn.

Kékeré rẹ̀ ni mo fi sínú àpò ìwé yìí. Ńlá rẹ̀ ti wà nínú férémù, ó kọ́ sára ògiri ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìyá nílé, ó kọ̀. Ó ní ìdajì owó tó kù, ìwọ ni wàá wá fi ọwọ́ ara rẹ san án.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ.