Ìpàdé àdúgbò: àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì dà?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí inú ń bí mi, kò sì tíì rọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, àwọn lańlọ́ọ̀dù àti ayálégbé àdúgbò wa ní Alékúwodò ṣe ìpàdé lórí gọ́tà tó dí àti tíránsífọ́mà tó ti dákẹ́ láti ìgbà òjò. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló wà lójú títì wa, mọ́ṣáláṣí méjì. Mọ́ṣáláṣí méjèèjì rán àgbà wá. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ orúkọ gbogbo ilé tí àgbàrá ń wọ̀ sínú ìwé wá. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò rán ẹnì kankan. Èmi jókòó síbẹ̀ nítorí pé mo nílé, kì í ṣe pé ìjọ ló ní kí n lọ. Alága ní, "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dà?" Ẹnì kan dá a lóhùn látẹ̀yìn pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Alhaji, ọ̀run ni wọ́n ń lọ." Ni gbogbo èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni. A kì í sí níbẹ̀.

Mo kó ọ̀rọ̀ náà tọ àgbà kan lọ nínú ìjọ wa. Ó ní, "Díákónì, ẹ má da ara yín láàmú, ara ayé yìí kọ́ ni wá, Jésù ló sọ bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Jòhánù orí 17. Àmọ́ nínú orí yẹn kan náà, ní ẹsẹ 15, ni Jésù ti ní òun kò gbàdúrà pé kí Baba mú wọn kúrò ní ayé. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 18, ó ti rán wọn lọ sínú ayé ọ̀hún. Ohun tó fà á tí a fi ń tètè pa Bíbélì dé kò yé mi.

Ìgbà wo ni ìlú máa ń rí wa? Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ híjábù ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ wa dájọ́ ní oṣù kẹfà pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní Ìwó, àwọn ọmọ wa gbé aṣọ akọrin wọ̀ lọ sí kíláàsì, ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri. Mi ò ní a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀, tí ìjọba gbà láàárín 1970 sí 1979, àjà ń já nínú òmíràn, ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a kò sì gbọ́ ohùn ìjọ. Aṣọ ọrùn ọmọ mú wa dìde; àjà tó fẹ́ wó lé e lórí kò mú wa dìde.

Ẹ tún wo odò Ọ̀ṣun. Àwọn tó ń wa góòlù lọ́nà àìtọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ odò di ẹrẹ̀, débi tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu ún. Àwọn oníṣẹ̀ṣe pariwo, àwọn tó ń jà fún àyíká pariwo. Àwa ńkọ́? A ní odò òrìṣà ni. Òrìṣà wo? Omi yìí kan náà ló ń ṣàn lọ sí adágún Aṣéjìrẹ́, tí wọ́n ń fà wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn, ilé pásítọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló dá omi kò yẹ kó dákẹ́ torí pé ẹlòmíràn ń bọ ọ́.

Àwọn aláṣẹ ti mọ̀ wá tán. Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá sí ìsìn ọpẹ́ tàwọn ti àpòòwé, wọ́n á kúnlẹ̀ gba àdúrà, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò tẹ̀lé wọn dé ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́rẹ́ tàbí káńsù lọ béèrè iye tí wọ́n ná lórí gọ́tà. Wọ́n ń jẹ ìlú run, àwa ń ṣe àmín.

Àwọn baba ìgbàgbọ́ kò ṣe báyìí. Nígbà Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kọjú ìbọn síra wọn nítòsí Ìgbájọ, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, àlùfáà ìjọ méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri ní 1886, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án. Wọn kò sọ pé ìjà ayé ni.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan èèyàn mẹ́ta, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí níwájú ìjọ bí wọ́n ti ṣe fún àwa díákónì. Ìpàdé ìlú ni iṣẹ́ wọn: ti lańlọ́ọ̀dù, ti òbí àti olùkọ́, ti ilé ìwòsàn àdúgbò, ti wọ́ọ̀dù. Bí ìpàdé bá bọ́ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n pa ìsìn jẹ. Kí wọ́n máa jábọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà ìkéde, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. A ń lò ju ìyẹn lọ láti fi kí èèyàn kú ọjọ́ ìbí. Kí ìjọ sì yọ owó sọ́tọ̀ fún ohun tí àdúgbò bá dá, nítorí jẹnẹrétọ̀ wa kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru ìṣọ́ òru, ó kéré tán kí a bá wọn san owó gọ́tà. Kí wọ́n má wàásù níbẹ̀ o! Gọ́tà ni wọ́n rán wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é á béèrè. Kí wọ́n má sì polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lórúkọ ìjọ. Ẹni tó bá ní kò sí nínú Bíbélì, kó ka Jeremáyà 29 ẹsẹ 7, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí àwọn èèyàn òun máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n ń gbé.

Káàdì ìdìbò, kí olúkúlùkù lọ gbà á. Ètò rédíò àárọ̀, kí a máa pè síbẹ̀. Kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé àpérò ọdọọdún ìjọ wa ti ń sún mọ́lé, àti pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ àjọyọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yin olórí wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú aṣọ.

Díákónì kan,
Alékúwodò, Òṣogbo.