Àyẹ̀wò Ìtọ̀ Nìkan Kò Lè Dá Ìlòkulò Oògùn Dúró Níbi Iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ èrò mi lórí bí àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe ń gbógun ti ìlòkulò oògùn. Igbó àti kokéènì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn tí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà nínú àpò òṣìṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, dókítà sì kọ tramadol fún un fún ọjọ́ díẹ̀. Ìrora náà lọ, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti lò ó, kì í tètè rẹ òun mọ́. Ni ó bá ń rà á láìsí ìwé dókítà, tí ẹyọ kan di méjì, tí méjì di mẹ́rin, nítorí pé bí ara ṣe ń mọ oògùn náà lára ni ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ kì í ràn án mọ́. Láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí yóò fi yọ ọ̀kan nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Àlòjù tramadol sì lè mú kí gìrì gbé èèyàn lójijì, ìdí ẹ̀rọ tó ń yí ni ì báà wà.

Diazepam, oògùn tó ń múni sùn, tí awakọ̀ lò lálẹ́ kì í tán lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ gbójú lé àyẹ̀wò ìtọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀, tó ń wá morphine àti codeine, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ìrora, kì í rí tramadol àfi tí wọ́n bá dìídì wá a. Ẹni tó ń lo codeine bí dókítà ṣe là á sílẹ̀ gan-an ni ọwọ́ yóò tẹ̀! Bó bá sì jẹ́ pé ìwé ìdádúró ni ẹni tó jẹ́wọ́ yóò gbà, ta ni yóò jẹ́wọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti máa lò ó. Bí ìbẹ̀rù bá sì mú kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú diazepam tó ti di bárakú fún un, ó lè gba ibẹ̀ kú.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún dókítà iléeṣẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi pamọ́ títí ó fi ṣe ẹlòmíràn léṣe, èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Kí àwọn ọ̀gá sì tún iṣẹ́ wákàtí 12 tí wọ́n ń tò léra wọn yẹ̀ wò, nítorí òun ló ń ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sídìí oògùn wọ̀nyí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan