Kí Ètò Kọ̀ǹpútà Fàyè Gba Ọ̀jáfáfá àti Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó jẹ mí lógún púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe áàpù àti ìkànnì tí à ń lò lójoojúmọ́ máa ń ṣe é bí ẹni pé irú èèyàn kan ṣoṣo ni yóò lò ó: bí wọn kò bá ṣe é fún ọ̀jáfáfá nìkan, wọ́n á ṣe é fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n á sì fi ìyẹn dí ọ̀jáfáfá lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, a ní àpẹẹrẹ rere nílé. Nígbà tí àjọ JAMB fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 2015, àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò di máòsì mú rí wà lára àwọn tó ní láti jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, àjọ náà gbà wọ́n láàyè láti fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò wọn: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi ìdáhùn ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá parí, R fún ẹni tó bá fẹ́ yí ìyẹn padà. Ohun tó mú mi yin ètò yìí ni pé wọn kò gba máòsì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà àti ọmọ tó ti ń lo kọ̀ǹpútà láti kékeré jọ ń dáhùn ìbéèrè kan náà, ìmọ̀ wọn ni a sì ń dán wò, kì í ṣe yíyá ọwọ́ wọn. Mo tilẹ̀ rò pé ọ̀jáfáfá gan-an lè yan bọ́tìnì, nítorí kò ní máa gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti ṣì í ṣe. Microsoft fi àwòrán kílíìpù ìwé kan sínú Office 97, ètò tí a fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, láti máa ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń yọjú sí akọ̀wé tó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà, tí yóò máa bi í bóyá lẹ́tà ló ń kọ, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú Office 2007. Ní ọdún 2012, Windows 8, ètò Microsoft kan náà tó ń darí kọ̀ǹpútà, mú bọ́tìnì Start tí a fi ń ṣí áàpù kúrò ní igun tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí láti ọdún 1995. Àròyé pọ̀, wọ́n sì dá a padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro. Ẹ ṣí mẹ́nù, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ Ctrl+S, ìyẹn bọ́tìnì méjì tí èèyàn lè tẹ̀ papọ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Save. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò máa gba inú mẹ́nù lọ, ojú rẹ̀ yóò sì máa rí lẹ́tà yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú un.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn báńkì wa pé kí wọ́n má ṣe torí áàpù tuntun pa USSD, ìyẹn nọ́ńbà kúkúrú tí a ń tẹ̀ lórí fóònù láti bá báńkì ṣe nǹkan, tì, nítorí fóònù kékeré tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì fi ń fi owó ránṣẹ́. Kí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ìjọba náà pe ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági àti akọ̀wé tó ń tẹ̀wé láìwo kíbọ́ọ̀dù, kí àwọn méjèèjì lò ó lójú wọn kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ìlú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn.