Lẹ́tà láti Ìlọrin: Ẹ má tíì fi owó ìrẹsì ránṣẹ́

Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù ọ̀hún o. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà níbẹ̀ ti dáwó jọ, ẹ sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àjọ aláàánú kan jọ fi ra oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún ìdílé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ títí ẹ ó fi mọ ẹni tí yóò kọ orúkọ.

Ibi orúkọ kíkọ ni irú nǹkan yìí ti máa ń bàjẹ́. Ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ lóòótọ́, nítorí orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́. Àmọ́ tíṣà ìjọba, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ kánsù ló kún inú rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Wo tíṣà ilé ìwé aládàáni kékeré ní Gáà-Akanbí, tàbí ẹni tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ní òpópónà Táíwò: òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ wọn ò sì sí nínú ìwé ẹgbẹ́. Àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Kí ẹgbẹ́ mú orúkọ ìdílé 50 wá, kí àjọ aláàánú gba 50 yòókù lọ́dọ̀ Alángùá (olórí àdúgbò), ìmáàmù àti pásítọ̀ àdúgbò. Nọ́ńbà fóònù ni kí wọ́n fi yẹ ìwé méjèèjì wò, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó jẹ́ Àkànbí lọ́dọ̀ Alángùá lè jẹ́ AbdulGaniyu nínú ìwé ẹgbẹ́, kó sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kọ orúkọ kò gbọdọ̀ wà lára àwọn tí yóò pín in.

Ẹ má san owó náà sínú àpò ẹgbẹ́. Bí ìdìbò ẹgbẹ́ bá dé, ibẹ̀ ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni kí ẹ san án fún, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ àjọ náà, tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Kí ẹgbẹ́ máa rí ìwé báǹkì náà lóṣooṣù. Ẹ bi àjọ náà bóyá sàká, ìtọrẹ tó jẹ́ dandan fún Mùsùlùmí, wà nínú owó tiwọn. Bó bá wà, àwọn tí Kùránì dárúkọ nìkan ló tọ́ sí. Wọn ò lè pín in fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bákan náà. Sàárà ò ní wàhálà yẹn.

Ó wá ku oúnjẹ. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò bá gba ìrẹsì kílò 5, ẹ̀wà kílò 2.5 àti òróró lítà 1, ìrẹsì jẹ́ àpò mẹ́wàá oníkílò 50. Kí wọ́n ra mọ́kànlá, torí àpò mìíràn kì í pé, díẹ̀ á sì dà nù níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Orí ìwọ̀n ni kó ti wá o! Kóńgò ọjà kì í dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òróró inú ike lítà kan kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n rà. Dídà á láti inú kẹ́ẹ̀gì ń fi àkókò ṣòfò, ó sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀wà tí òórùn oògùn apakòkòrò bá ń jáde lára rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dínwó tó. Kòkòrò díẹ̀ sàn ju májèlé lọ. Ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo dára fún ríra rẹ̀, àmọ́ kí ẹ ti ka owó ọkọ̀ àti ti aláàárù mọ́ ọn. Wọ́n máa ń gbàgbé ìyẹn, inú oúnjẹ ni wọ́n á sì ti yọ ọ́.

Káàdì oní-nọ́ńbà ni kí wọ́n pín ṣáájú, kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kejì sí i, torí òṣìṣẹ́ lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n pe èèyàn 25 ní wákàtí kan; bí gbogbo wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan, wọn á tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ojú ẹni tó ń gbà á. Bí olóṣèlú kan bá sì fẹ́ lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ àpò ìrẹsì, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un. Ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́lé.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ inú oṣù Ààwẹ̀. Ìgbà yẹn ni kálukú ń ṣe sàárà. Oṣù Kẹfà sí Keje ni oúnjẹ máa ń wọ́n, tí iṣu àtijọ́ ti ń tán, tí àgbàdo tuntun ò sì tíì gbẹ. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n san án tààrà sí ilé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ ọmọ.

Kọ iye tí ẹ dá gan-an sí mi, àti iye tí yóò kù lẹ́yìn tí báǹkì bá ti yọ tirẹ̀. Ẹ̀wà ni kí a kọ́kọ́ yọ bí kò bá tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìlọrin.