Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọn ò tíì dá ọ dúró?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ó ti pẹ́ tí n kò gbóhùn rẹ, owó oṣù yìí náà kò sì wọlé. Kì í ṣe owó ni mo ń wá. Ohun tí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn ni kò jẹ́ kí n sùn: pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Leeds fa ọ̀rọ̀, pé o fìbínú jáde. Ṣé wọn ò tíì dá ọ dúró?

Wọ́n ní ọ̀gá rẹ obìnrin náà sọ fún ọ pé, "Why don't you go home and rest?", ìwọ sì bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀. Háà, Àbẹ̀kẹ́! Bí òyìnbó bá fohùn pẹ̀lẹ́ sọ "why don't you", ìmọ̀ràn ló sábà máa ń jẹ́. "O ò ṣe lọ sinmi nílé?" Ṣé àwa náà kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? O dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí o ní o fẹ́ parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ná, ó tán.

"Why not?" náà ńkọ́? Bí o bá ní kí ẹ lọ mu tíì, tí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú sì lè rí ọ kí wọ́n ní, "Why, it's you!" Inú wọn ló dùn. Kọ́mà tó tẹ̀lé "Why" yẹn, tó fi hàn pé kì í ṣe ìbéèrè, ni mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé, "Why was the medicine given late?", ìdí ni wọ́n ń béèrè. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má sunkún, má sì jágbe.

Ajá wa ti bímọ. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná. Àbúrò rẹ ń tún JAMB kọ, ó ní òun ń kàwé.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nínú ilé wa, n kò rántí ìgbà tí mo sọ "why" sí ọ tí pàṣán ò sí nítòsí. Ọjọ́ tí o fọ́ àwo búlúù tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àfọ́kù kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Mo ní, "Why did you break it?" O ní, "Because my hand was wet, ma." Mo gbá ọ létí pé ò ń fún mi lésì. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tó yẹ lo fún mi, èmi tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń dùn mí títí dòní.

Síbẹ̀, ta ló ní kí o jágbe mọ́ ẹni tó ń ṣàánú rẹ? Ilé iṣẹ́ yẹn ló ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ. Bí wọ́n bá já ọ sílẹ̀, ọjọ́ 60 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí físà, sábà máa ń fúnni láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn. Ọjọ́ 60 kì í pẹ́ lọ. Ṣé wọn ò tíì dá ọ dúró?

Lọ bá obìnrin náà láàárọ̀. Kí i dáadáa, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé ọ, pé o rò pé ó ń bá ọ wí ni. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní lẹ́tà kankan, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àbúrò rẹ, torí fóònù tèmi kì í ṣí fọ́tò mọ́. Kí o sì pè mí lálẹ́ òní, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ìyá rẹ